Jẹjẹrẹ Ọyàn Láàárín Àwọn Ọ̀dọ́bìnrin ní Nàìjíríà

Nínú gbogbo oríṣi jẹjẹrẹ, ti ọyàn ló ń mú obìnrin jù ní Nàìjíríà. Ìṣirò ọdún 2020 fi hàn pé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dún náà lé ní 28,000, àwọn tó sì pa lé ní 14,000. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń mú ti lé ní 60 ọdún. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ ò tíì pé 50, àwọn mìíràn ṣì ń fọ́mọ lọ́yàn lọ́wọ́. Lára ohun tó fà á ni pé ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù lórílẹ̀-èdè yìí, àmọ́ ọ̀rọ̀ àjogúnbá náà wà níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Funmi Olopade, tó gboyè ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó di àgbà oníṣègùn jẹjẹrẹ ní Chicago, ṣàkíyèsí pé àìsàn yìí máa ń tètè mú àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú, ó sì máa ń le lára wọn. Òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn ṣèwádìí sí i. Èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2018 fi hàn pé nínú obìnrin mẹ́jọ tó ní àìsàn náà, ó tó ẹnì kan tó jogún àléébù apilẹ̀ àbùdá, irú bíi ti BRCA1. Oríṣi tí wọ́n ń pè ní triple-negative, tí oògùn tamoxifen ò ràn, náà wọ́pọ̀.

Kókó tí jẹjẹrẹ yìí máa ń yọ nínú ọyàn kì í sábà dunni, ibẹ̀ ló ti ń tanni jẹ. Ìyá ọmọ á fọwọ́ kan nǹkan líle tí kò ju hóró ẹ̀pà lọ, á sáré lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n á sọ fún un níbẹ̀ pé: "Omi ọyàn ló dì, ẹ máa fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, kí ọmọ sì máa mu ún dáadáa." Wọ́n á fún un lóògùn, á padà sílé. Nígbà tí yóò fi tún padà dé, abíyá ti wú. Àwọn èèyàn á wá ní àìmọ̀kan ló pa á. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀: ó tètè wá, wọn ò yẹ̀ ẹ́ wò ni.

Ẹran ọyàn ọ̀dọ́ ki, nítorí náà fọ́tò ọyàn tí wọ́n ń pè ní mammogram kì í fi bẹ́ẹ̀ rí inú rẹ̀. Síkáànù ló sàn jù fún un. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gé díẹ̀ nínú kókó náà. Owó abẹ́rẹ́ lọ́tọ̀, owó ẹni tó máa yẹ ẹran náà wò lọ́tọ̀, owó àyẹ̀wò tó máa sọ oríṣi tó jẹ́ tún lọ́tọ̀, àpò ẹbí ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ti ń jáde. Tamoxifen ò wọ́n tó àyẹ̀wò tó ń sọ ẹni tó lè lò ó, ìyẹn ló sì ń ká mi lára jù.

Ní ti ìtọ́jú, ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ kan tó ní ẹ̀rọ ìtànṣán ìgbàlódé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní LUTH, ìyẹn ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Èkó, ní 2019, ṣùgbọ́n irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ò pọ̀ rárá káàkiri orílẹ̀-èdè. Oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní kẹmó sì lè dí obìnrin tí ò tíì bímọ lọ́nà àtibímọ. Ó yẹ kí dókítà sọ èyí fún un kó tó bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní láàárín 60 ọjọ́ tí obìnrin bá ti dé ilé ìwòsàn, kí wọ́n ti mọ ohun tó ń ṣe é. Kí èyí lè ṣeé ṣe, ibi abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀: àwọn ìyá ń wá síbẹ̀ déédéé, nọ́ọ̀sì sì lè fọwọ́ yẹ ọyàn wọn wò lọ́fẹ̀ẹ́, kó kọ̀wé fún ẹni tí kókó rẹ̀ bá ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ pé kó lọ ṣe síkáànù.