Àkísà Kétu

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ní Yoko, ìlú wa, inú àríyànjiyàn la ti sábà máa ń gbọ́ òwe yìí. Ọ̀dọ́ kan á ti rówó ṣe, á ti kọ́lé, á ti ra ọkọ̀, á wá máa já lu ọ̀rọ̀ àgbà níbi ìpàdé ẹbí. Àgbà kan á rọra tún fìlà rẹ̀ dé, á ní, "Ọmọ mi, o láṣọ o." Kò ní í parí rẹ̀. Gbogbo ẹni tó jókòó níbẹ̀ ti gbọ́ ìyókù.

Lójú tèmi, ìlò yẹn ti fún òwe náà mọ́ra jù. A ti sọ ọ́ di pàṣán tí àgbà fi ń na ọmọdé, a ò sì bi ara wa léèrè ohun tí àkísà jẹ́ gan-an. Aṣọ tí a rà lọ́jà Pobẹ̀ lánàá tí iná jó lónìí ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe àkísà. Kí aṣọ tó di àkísà, ara ẹnìkan ní láti gbó o: òógùn ẹni náà, ọṣẹ, oòrùn, okùn ìsáṣọ, ọdún lórí ọdún. Ẹ tún wo bí òwe náà ṣe to ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sọ pé ọmọdé kò ní àkísà. Ó ní kò lè ní in. Owó lè ra ogún aṣọ lóòjọ́. Kò sí ọjà tí wọ́n ti ń ta ọdún tí èèyàn kò tíì lò láyé.

Àkísà kì í sì í ṣe ohun ìtìjú. Òun la ká ṣe òṣùká tí a fi ń ru ẹrù bọ̀ láti oko, òun la fi ń nu ojú àtùpà. Ẹni tó bá mọ aṣọ eégún ilé àgbà dáadáa mọ̀ pé wọn kì í tú ti àtijọ́ dà nù. Orí ti àtijọ́ ni ọmọ ń rán tirẹ̀ mọ́, tí ọmọ ọmọ náà ń rán tirẹ̀ lé e, títí ẹ̀kú náà á fi wúwo bí òkè ẹrù. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, tí ojú kò rí mọ́, òun gan-an ni àwọn tó ni ín ń bọ̀wọ̀ fún. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ti ìta, ẹ jẹ́ n dákẹ́ níbẹ̀.

Ìlú náà ní àkísà tirẹ̀. Yàrà tó ti dí dé ìdajì, odi tí òjò ti fọ̀ títí ó fi rí bí ebè iṣu, ibodè tí kò sí oníbodè níbẹ̀ mọ́, òkúta tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ kí baba ńlá ẹnikẹ́ni tó dáyé: àwọn wọ̀nyí ni mo fẹ́ fi òwe yìí wò.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti kọ́kọ́ rí i pé èèyàn lè fi irú àkísà bẹ́ẹ̀ yangàn. Ìbátan mi kan tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi. Òjò ń rọ̀, àwọn èèyàn wọ bàtà rọ́bà, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn gun òkè kan tí koríko bò, kò sì sí nǹkan kan lórí òkè náà. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń lọ wò. Ó ní yàrà ni. Maiden Castle ni wọ́n ń pe ibẹ̀, ní agbègbè Dorset. Ìpele yàrà àti odi erùpẹ̀ ló yí orí òkè náà ká, àwọn tó wà á sì ti ṣe é kí àwọn ará Róòmù tó fẹsẹ̀ tẹ erékùṣù náà. Ilẹ̀ tí odi náà gbà mọ́ra fẹ̀ tó hẹ́kítà 19. Láàárín 1934 sí 1937, awalẹ̀pìtàn kan tó ń jẹ́ Mortimer Wheeler kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ síbẹ̀ láti wú u. Irú odi orí òkè bẹ́ẹ̀ pọ̀ káàkiri ilẹ̀ wọn, àwọn èèyàn a sì máa lo ọjọ́ ìsinmi wọn láti rìn dé ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, pẹ̀lú búrẹ́dì nínú àpò.

Wọ́n ní òkúta náà. Ní Avebury, àárín abúlé ni àwọn òkúta ńlá dúró sí, àgùntàn ń jẹko láàárín wọn, èèyàn sì lè fọwọ́ kàn wọ́n. Èyí tó lókìkí jù ni Stonehenge. Ní 1915, wọ́n gbé e sí gbàǹjo, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Cecil Chubb sì rà á ní £6,600. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ló fi ta ìjọba lọ́rẹ. Ẹ gbọ́ o, gbàǹjo! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kò sí ọjà tí wọ́n ti ń ta ọdún ni, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ti já mi nírọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Òkúta ni Chubb rà. Ta ló gbé òkúta náà nàró? Kò sí ẹnikẹ́ni láyé tó mọ orúkọ ẹyọ kan nínú wọn. Èdè tí wọ́n ń sọ ti pa rẹ́, a ò mọ oríkì wọn, a ò mọ ohun tí wọ́n ń pe òkúta náà nígbà tí wọ́n ń fi okùn fà á. Aṣọ wà níbẹ̀. Ara tó gbó o kò sí.

Bákan náà ló rí létí odò Gáńbíà, níbi tí òkúta dúró lóbìíríkítí ní Wassu, ní Kerbatch àti ní ẹ̀gbẹ́ Senegal. Wọ́n ju ẹgbẹ̀rún kan lọ ní agbègbè náà, UNESCO sì ti kọ díẹ̀ nínú wọn sínú ìwé ogún àgbáyé láti 2006. Àlejò tó bá débẹ̀ a máa fi òkúta wẹ́wẹ́ lé orí èyí tó dúró. Ó ń kí ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ rí òdìkejì rẹ̀, àkísà tí ara tó gbó o ṣì wà, kó wọkọ̀ ní Sakété kó máa lọ sókè. A ó kọjá Pobẹ̀, a ó kọjá Onígbólò níbi tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ńtì, títí a ó fi dé Kétu. Lọ́nà gbogbo, ẹ ò ní í rí àpáta kan tó yọrí. Ilẹ̀ pupa tó jìn ni ilẹ̀ wa, ìdí sì nìyẹn tí ẹni tó bá wá wá òkúta tó dúró lọ́dọ̀ wa fi máa pòfo. Erùpẹ̀ ni àwọn baba wa ní, erùpẹ̀ ni wọ́n sì fi kọ ìtàn wọn.

Ní Kétu, wọ́n fi yàrà àti odi yí ìlú ká, wọ́n sì la ibodè kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Àkàbà Ìdènà. Ọba Sá ni wọ́n ní ó ṣe iṣẹ́ náà. Ilé ni ibodè yìí, kì í ṣe ilẹ̀kùn lásán. Ẹni tó bá gba ilẹ̀kùn ìta wọlé kò tíì wọ ìlú. Ó wà láàárín, lójú àwọn ẹ̀ṣọ́, títí wọ́n á fi ṣí ilẹ̀kùn inú fún un. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rẹ́, á kọjá. Bí ó bá jẹ́ ọ̀tá, àárín yẹn náà ni wọ́n á ti mú un.

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ amọ̀ á rò pé iṣẹ́ méjì ni yàrà àti odi. Iṣẹ́ kan ni. Erùpẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ jáde nínú yàrà ni wọ́n da omi sí, tí wọ́n fẹsẹ̀ pò títí ó fi mú ara, tí wọ́n wá fi mọ odi. Bí yàrà ṣe ń jìn ni odi ń ga. Wọn kì í mọ ọ́n lọ́jọ́ kan: ìpele àkọ́kọ́ á gbẹ kí wọ́n tó gbé èkejì lé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo rẹ̀ á wó lulẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn niṣẹ́ rẹ̀, nígbà tí omi sì ṣọ̀wọ́n. Bí wọ́n bá parí, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, nítorí odi amọ̀ tí kò ní ìbòrí, tí a kò sì tún rẹ́, òjò mélòó kan á sọ ọ́ di ẹrẹ̀ padà. Òkúta lè dúró fúnra rẹ̀ fún ẹgbẹ̀rún ọdún, kí gbogbo àwọn tó rì í kú tán. Odi amọ̀ kò lè ṣe é. Níbi tí ẹ bá ti rí i, ẹ mọ̀ pé ẹnìkan wà nídìí rẹ̀.

Ìyẹn ni mo rí ní Ìdènà tí n kò rí nínú fọ́tò Dorset. Ìlú tó ni ibodè náà ṣì wà, èdè tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ la fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, Alákétu ṣì ń jọba. Àwọn àgbà ibẹ̀ ṣì ń sọ ìtàn bí wọ́n ṣe tẹ ìlú dó: pé ahunṣọ kan tó jẹ́ abuké ni wọ́n fi rúbọ síbẹ̀, tí orúkọ Kétu fi ti ara iké rẹ̀ wá. Ahunṣọ! Nígbà tí mo gbọ́ ìtàn náà, òwe àkísà tún sọ sí mi lọ́kàn.

Odi Kétu kò gba Kétu là títí. Ní 1886, nígbà tí Glele jẹ́ ọba Dàhòmì, ogun rẹ̀ dó ti ìlú náà títí ebi fi wọlé ṣáájú ọ̀tá. Wọ́n sun ìlú, wọ́n sì kó àwọn èèyàn lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀. Àwọn tó ṣẹ́gun wọn kì í ṣe àjèjì sí yàrà, nítorí lédè Fọ̀n, inú odi ni Àgbómẹ̀ túmọ̀ sí. Odi Abẹ́òkúta ṣe ju ti Kétu lọ: ní 1851 àti ní 1864, ogun Dàhòmì dé ìdí rẹ̀, wọ́n sì padà pẹ̀lú òfò. Nígbà tí Faransé wá ṣẹ́gun Gbẹ̀hanzin, ọmọ Glele, àwọn ọmọ Kétu tó kù padà wá sórí ahoro wọn, wọ́n sì tún fi ọba jẹ ní 1894. Wọ́n lè tẹ ìlú tuntun dó síbòmíràn tí kò sí eérú. Àkísà wọn ni wọ́n padà wá gbé wọ̀.

Àwọn Ọ̀họ̀rí, tí wọ́n wà láàárín Pobẹ̀ àti Kétu, kò tiẹ̀ mọ odi. Ilẹ̀ dúdú ni tiwọn, amọ̀ tó ń gbé ẹsẹ̀ mì bí òjò bá ti rọ̀. Ní 1914 àti 1915, nígbà tí wọ́n kọ̀ fún Faransé, àbàtà yẹn ni odi wọn.

Wíwá ara tó gbó aṣọ kò pin síbẹ̀, nítorí àkísà tó lórúkọ náà lè rí ẹni tí kì í ṣe tirẹ̀ gbé wọ̀. Ẹ wo Erédò ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú: yàrà àti odi tó gùn tó kìlómítà 160, tí gíga rẹ̀ tó mítà 20 láwọn ibì kan. Bílíkísù Súngbọ́ ni wọ́n ní ó ni ín, obìnrin ọlọ́lá tí kò bímọ, tó fẹ́ kí nǹkan kan máa jẹ́ orúkọ òun. Àwọn èèyàn ń lọ ṣèbẹ̀wò sí ojú oórì rẹ̀ ní Òkè-Ẹ̀rì. Títí ibẹ̀, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti wá sọ ọ́ di ayaba Ṣébà tó lọ kí Sólómọ́nì, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn awalẹ̀pìtàn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìpẹ́ yìí fi gbígbẹ́ yàrà náà sí àárín nǹkan bí 1370 sí 1420. Sólómọ́nì ti kú ju ẹgbẹ̀rún méjì ọdún lọ nígbà náà. N kò mọ ìdí tí obìnrin Ìjẹ̀bú tó lè wa irú yàrà bẹ́ẹ̀ fi ní láti yá orúkọ lọ́wọ́ ará Ṣébà kó tó níyì lójú wa.

Ní ti òkúta, Ifẹ̀ ní Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, tó ga ju mítà márùn-ún lọ, tí wọ́n kan ìṣó irin mọ́ lára. Lọ́dọ̀ tiwa, yangí ni, òkúta pupa Èṣù ní oríta àti ní ẹnu ibodè. Kò ga ju orúnkún lọ. Àlejò tó wá láti wo nǹkan ńlá á kọjá lára rẹ̀ láìmọ̀, àfi bí ó bá rí i pé epo orí rẹ̀ ṣì tutù.

Àkísà mìíràn tilẹ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀. Ní 1998, katakátá tó ń la ọ̀nà nítòsí Bohicon já lu ihò kan. Nígbà tí wọ́n wò ó, ilé abẹ́ ilẹ̀ ni, tó ní yàrá, tí wọ́n gbẹ́ sínú ilẹ̀ pupa, ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ tó wà níbẹ̀. Wọ́n dá katakátá náà dúró. Agongointo ni ibẹ̀ ń jẹ́ lónìí, àwọn èèyàn sì ń sanwó kí wọ́n tó wọ̀ ọ́.

Ní Yoko, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti ń sọ láti ọdún mẹ́ta pé katakátá ń bọ̀ lẹ́yìn ilé wa, kí a lè ráyè kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ahoro ilé àtijọ́ wà níbẹ̀, èyí tó kù nínú ògiri rẹ̀ kò sì ga ju yangí lọ. Nígbà òjò tó kọjá, apá kan lára ìrẹ́lé rẹ̀ já bọ́, ojú ìpele tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì hàn. Ipa ìka mẹ́rin wà nínú amọ̀ náà, ó gbẹ bí àpáàdì. Ìyá mi ní àwọn obìnrin ilé ló ń rẹ́ ilé nígbà náà, pé ìyá ìyá ọkọ òun ni yóò jẹ́, nítorí ìyá náà kò jẹ́ kí ẹlòmíràn bá a rẹ́ apá ibẹ̀ yẹn. Mo gbé ọwọ́ tèmi lé ojú ipa náà. Ìka mi kò wọlé, ó tóbi jù.