Ẹnu Kan Náà, Àlàfo Ọ̀tọ̀

Ọ̀kan nínú yín bi mí ìdí tí n kò fi fi fọ́tò màmá àgbà tó sọ ìtàn fún mi, nígbà tí mo ń ṣe ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé, hàn yín rí. Fọ́tò wà o. Ojú ni kò sí nínú wọn.

Kámẹ́rà FED-3, tí wọ́n ṣe ní Soviet, ni mo gbé lọ. Àlòkù ni. Lẹ́ǹsì rẹ̀ ti bàjẹ́, ẹni tó tà á fún mi sì fi òmíràn tí wọ́n kọ Industar-50 sí lára rọ́pò rẹ̀. Mo yí i wọ ẹnu kámẹ́rà bí ìdérí ìgò, ó wọ̀ wẹ́kú. Mo wo ojú ihò, màmá hàn kedere. Mo fojú díwọ̀n bí wọ́n ti jìnnà sí mi, mo yí nọ́ńbà ara lẹ́ǹsì síbẹ̀. Ó di ìgbà tí a fọ fíìmù: bàìbàì látòkèdélẹ̀! A ò mọ imú yàtọ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kí n tó padà débẹ̀, màmá ti papòdà.

Ìtàn ló wá là mí lójú. Ní 1925, ilé iṣẹ́ Ernst Leitz ní Wetzlar, ní Jámánì, gbé Leica tí Oskar Barnack ṣe jáde. Lẹ́ǹsì rẹ̀ kò ṣeé pààrọ̀. Ní 1930 ni wọ́n ṣe èyí tó ṣeé pààrọ̀, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní mílímítà 39. Ṣùgbọ́n àlàfo láti ẹnu kámẹ́rà dé ara fíìmù kò tíì dọ́gba, nítorí náà ilé iṣẹ́ ní láti bá kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan wá lẹ́ǹsì tirẹ̀ mu. Ní 1931 ni wọ́n fi àlàfo náà sí mílímítà 28.8 fún gbogbo wọn, wọ́n sì fín "0" sí ẹnu àwọn tó bá òfin tuntun mu.

Ní 1934, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe FED ní Kharkiv, wọ́n wo Leica ṣe é. Àwọn ti ìṣáájú kò tẹ̀lé 28.8, ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n gbà á. Nígbà tó di 1952, Zenit dé láti Krasnogorsk, lẹ́bàá Moscow. Wọ́n fi dígí sínú èyí, kí ayàwòrán lè rí ohun tí lẹ́ǹsì gan-an ń rí. Dígí ń fẹ́ àyè, àlàfo bá di 45.2. Ẹnu ńkọ́? Mílímítà 39 náà ni! Wọ́n sì ṣe Industar-50 fún oríṣi kámẹ́rà méjèèjì. Ti Zenit ni wọ́n kì mọ́ mi lọ́wọ́. Ó fi mílímítà 16.4 sún mọ́ fíìmù jù, ihò tí mò ń wò kò sì lè sọ fún mi, torí kì í ṣe inú lẹ́ǹsì ló ń gbà wò.

Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní ohùn Yorùbá ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ẹ kọ ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ láìfàmì sí i, lẹ́tà kan náà ni wọ́n. Ẹnu mílímítà 39 ni lẹ́tà. Àlàfo ni àmì ohùn.

Bí fọ́tò yín kò bá yà, ẹ ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà nígbà tí kò sí fíìmù níbẹ̀. Ẹ na bébà fẹ́lẹ́, èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá, sí ibi tí fíìmù ń gbà. Ẹ yí ìyára sí B, ẹ ṣí lẹ́ǹsì gbayawu, ẹ yí i sí àmì ibi tó jìnnà jù, kí ẹ kọjú rẹ̀ sí òpó tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀. Bí òpó bá yọ kedere lára bébà, àlàfo dára. Ohun tó ń wọn jíjìnnà ni kí ẹ yẹ̀ wò. Bí kò bá yọ rárá, ó ṣeé ṣe kí lẹ́ǹsì má jẹ́ ti kámẹ́rà yẹn.

Ohùn màmá ṣì wà nínú téèpù mi, gbogbo àmì ohùn rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ dán tiyín wò kí ẹ tó jáde nílé o.