Ìtumọ̀ Àjọ Ìpàgọ́ Láàrin Àwọn Hasidim

Ẹni tí ó bá ti ka Léfítíkù orí 23 mọ̀ pé Ọlọ́run pàṣẹ fún Ísírẹ́lì láti gbé inú àgọ́ fún ọjọ́ 7, kí ìrandíran wọn má baà gbàgbé aginjù. Títí di òní ni àwọn Júù ń pa àjọ yìí mọ́ ní Sẹ́tẹ́ḿbà tàbí Òkítóbà. Ẹ̀ka igi ni wọ́n fi ń bo àgọ́ náà, wọn kì í sì í bò ó jù, kí a lè máa rí ìràwọ̀ láti inú rẹ̀. Ohun tí àwọn Júù tí à ń pè ní Hasidim, èyíinì ni àwọn olùfọkànsìn, rí nínú àgọ́ yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò.

Ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Ukraine lónìí, tí ó wà lábẹ́ ìjọba Pólándì nígbà náà, ìpakúpa tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1648 ti sọ ọ̀pọ̀ Júù di òtòṣì. Ọ̀mọ̀wé ni wọ́n ń bọlá fún. Ẹ̀yìn ni òpè ń jókòó sí. Nígbà náà ni Israel ben Eliezer dìde, ẹni tí wọ́n ń pè ní Baal Shem Tov, tí ó kú ní ìlú Medzhybizh ní ọdún 1760. Ó kọ́ni pé ayọ̀ pàápàá jẹ́ ìsìn, àti pé àdúrà òpè tí ó ti ọkàn wá ń dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run.

Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ a máa sọ pé àwọn àṣẹ mìíràn wà tí ó jẹ́ ti ọwọ́, tàbí ti ẹnu, tàbí ti orí. Ṣùgbọ́n gbogbo ara ni ènìyàn fi ń wọ inú àgọ́, tòun ti bàtà tí ó kún fún ẹrẹ̀. Nínú òfin wọn, ògiri 2 àti díẹ̀ nínú ẹ̀kẹta tó fún àgọ́. Wọ́n fi èyí wé apá, ìgbọ̀nwọ́ àti àtẹ́lẹwọ́ bàbá tí ó gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Kí ni ọmọ náà nílò láti mọ̀ kí a tó gbá a mọ́ra?

Bákan náà ni ti ohun 4 tí wọ́n ń gbé lọ́wọ́ ní àjọ náà: imọ̀ ọ̀pẹ, mítílì, wílò, àti èso kan tí ó jọ ọsàn wẹ́wẹ́. Àwọn rábì àtijọ́ ti wí pé èso náà, tí ó ní adùn àti òórùn dídùn, ni ẹni tí ó ní ìmọ̀ àti iṣẹ́ rere. Wílò, tí kò ní ọ̀kan nínú wọn, ni ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Síbẹ̀, bí kò bá sí wílò, àṣẹ náà kò pé. Nígbà tí àjọ bá sì parí, wọn a gbé ìwé Òfin ní kíká, wọn a sì máa jó. Níwọ̀n bí a kò ti ṣí i kà, ẹsẹ̀ ọ̀mọ̀wé kò sàn ju ti òpè lọ.

Èyí bí àwọn àgbà nínú. Ní ọdún 1772 ni àwọn olórí Júù ní Vilna yọ àwọn Hasidim kúrò láwùjọ; ariwo àti fífò wọn nígbà àdúrà wà lára ẹ̀sùn náà. (Ẹ̀sùn yìí kò ṣàjèjì sí àwa tí ń pàtẹ́wọ́ níwájú Olúwa!) Ní ọdún 1798, bí àjọ ti ń parí gan-an, ìjọba Rọ́ṣíà mú Shneur Zalman ti Liadi, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wọn, nítorí ẹ̀sùn tí àwọn alátakò fi kàn án. Wọ́n dá a sílẹ̀ kí ọdún náà tó parí. Lẹ́yìn èyí ni ó kọ̀wé sí àwọn ènìyàn rẹ̀ pé kí wọ́n rẹ ara wọn sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọ̀ mọ́ àwọn tí ó takò wọ́n.