Ọmọ-ogun Wa ní Ilẹ̀ Bọ́mà: Ẹ̀kọ́ fún Ọmọ Magboro

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní àlejò a lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bí ọ̀rọ̀ yìí ti kan oníṣòwò, bẹ́ẹ̀ ni ó kan ọmọ-ogun tí a rán lọ sí ilẹ̀ tí kò dé rí.

Láti ọdún 1943 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń kó àwọn ọmọ-ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà kọjá òkun lọ bá àwọn ará Japáàn jà ní Bọ́mà, tí à ń pè ní Myanmar lónìí. Nǹkan bí 90,000 ni wọ́n. Yorùbá, Hausa, Íbò àti Ashanti ń jẹun pọ̀. Aláǹtakùn ni àmì ẹgbẹ́ ogun wọn kan: Ananse inú àlọ́ àwọn ará Gánà, tí í ṣe ẹgbẹ́ ìjàpá tiwa.

Ọ̀kan nínú wọn ni Isaac Fadoyebo, ọmọ Emure-Ile lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Ní Abẹ́òkúta, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ wa, ni ó ti wọṣẹ́ ogun ní 1942, ní ọmọ ọdún 16. Ìtọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ní oṣù kẹta 1944, àwọn ọ̀tá yọ sí wọn lójijì ní etí odò Kaladan, ọta sì fọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Òun àti David Kagbo, ọmọ ilẹ̀ Sàró, bọ́ sínú igbó ọ̀tá.

Àgbẹ̀ kan, Shuyiman, Mùsùlùmí ìran Rohingya, ni ó bọ́ wọn, tí ó sì fi wọ́n pamọ́ sínú ilé rẹ̀. Bí àṣírí bá tú, ikú ni ìbá jẹ́ èrè rẹ̀. Àwọn àlejò náà kò ṣe orí kunkun: wọ́n fara mọ́ ìṣe onílé, wọ́n sì pe ara wọn ní Mùsùlùmí bíi tirẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án kọjá kí ìgbàlà tó dé ní oṣù Kejìlá. Ìbọn kọ́ ni ó gbà wọ́n là ní gbogbo àkókò yìí, bí kò ṣe àánú onílé àti ọgbọ́n àlejò.

Ní 2011, akọ̀ròyìn Barnaby Phillips mú ìwé ìdúpẹ́ Fadoyebo dé ọ̀dọ̀ ìdílé Shuyiman; olóore náà ti kú. Fadoyebo náà relé àgbà ní 2012. Ní 2017, ìnúnibíni lé àwọn Rohingya tí ó ju 700,000 lọ sí Bangladesh. Ìran tí ó gba ọmọ wa sílé di aláìnílé.

Ẹ̀yin ará wa, láti ìgbà tí a ti ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní 1978, onírúurú ẹ̀yà ni ó ti wá bá wa gbé ní Magboro. Kí àwa onílé máa rántí Shuyiman. Kí ẹ̀yin ọmọ wa lẹ́yìn odi, ológun àti aláìlógun, máa rántí Fadoyebo: ẹ kọ́ èdè ibi tí ẹ bá dé, ẹ sì bọ̀wọ̀ fún ìṣe wọn. A kò mọ ẹni tí yóò jẹ́ àlejò lọ́la.