Orúkọ Tó Yẹ Elétò

“Ìdènà” ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe igi tí àwọn asáré máa ń fò. Ọ̀rọ̀ yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tó bá ń ná ọ̀nà Òkìtìpupa sí Ìgbókọ̀dá mọ ohun tó ń jẹ́ ìdènà: wọ́n gbé igi dí ọ̀nà, ó di dandan kí o dúró, kí o sì ṣàlàyé ara rẹ. Asáré kì í dúró. Nínú ọgọ́rùn-ún mítà àwọn obìnrin, igi mẹ́wàá ló wà nílẹ̀, gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 83.8. Mítà 8.5 ló wà láàárín igi kan sí èkejì, ẹsẹ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n sì ń gbé níbẹ̀. Bí igi bá ṣubú láìjẹ́ pé asáré mọ̀ọ́mọ̀ tì í, eré ń lọ. Ìdènà wo nìyẹn?

Igi àfòkọjá ni èmi yóò pè é, kí eré náà jẹ́ eré onígi. Ẹsẹ̀ tó kọ́kọ́ ré igi kọjá, ẹsẹ̀ aṣíwájú. Èyí tó ń bọ̀, ẹsẹ̀ àtẹ̀lé. Ọmọ iléèwé tó ń sáré lórí iyẹ̀pẹ̀ pupa níbí yóò gbọ́ ọ láìbi ẹnikẹ́ni. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, fi ìṣẹ́jú àáyá 12.12 sá eré onígi ní Eugene, l'Amẹ́ríkà, ní oṣù Keje ọdún 2022. Kò sí obìnrin tó ti sá a yá tó bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú ìgbà náà.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tó dára ni, àwọn oníròyìn eré ìdárayá sì ti sọ ọ́ di ti gbogbo wa, àmọ́ bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá níbẹ̀. Akọ́nisáré ló yẹ ẹni tiwa.

Iṣẹ́ tí kò tíì ní orúkọ gan-an ni ti àwọn tó ń ṣètò ìforúkọsílẹ̀, ọkọ̀ àti ibùsùn fún ẹgbẹ́ eléré. Àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà máa ń gba ènìyàn fún un. Bí a bá pè é ní “ìṣiṣẹ́ ẹgbẹ́”, etí á gbọ́, ọkàn ò ní rí nǹkan kan. Elétò ẹgbẹ́ ni mo fara mọ́, nítorí ètò ló máa ń bàjẹ́. Ní Tokyo, lọ́dún 2021, wọ́n yọ eléré Nàìjíríà mẹ́wàá kúrò nínú ìdíje Òlíḿpíìkì. Kì í ṣe pé wọ́n bá oògùn lára wọn o: àyẹ̀wò òjijì mẹ́ta tó yẹ kí wọ́n ti ṣe fún wọn láàárín oṣù mẹ́wàá ni kò pé. Ní Paris, lọ́dún 2024, Favour Ofili, asáré Nàìjíríà, kúnjú òṣùwọ̀n fún ọgọ́rùn-ún mítà, ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ eré Nàìjíríà ò fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Àyẹ̀wò òjijì tún bí ọ̀rọ̀ mìíràn. Asáré tó ti gòkè gbọ́dọ̀ sọ ibi tí wọ́n ti lè bá a fún wákàtí kan lójoojúmọ́. Mo pè é ní àkọsílẹ̀ ibi-ìbáni. Lọ́dún 2023, Amusan fúnra rẹ̀ jẹ́jọ́ lórí ẹ̀sùn pé ó kùnà ẹ̀ẹ̀mẹta nídìí èyí. Wọ́n dá a láre.

Nítorí náà, bí àwọn eléré Yunifásítì Olusegun Agagu tó wà nílùú wa, Òkìtìpupa, bá ń múra ìdíje, mo fẹ́ kí wọ́n kọ “elétò ẹgbẹ́” síwájú orúkọ ẹnì kan, kí wọ́n sì to iṣẹ́ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ ní Yorùbá: ìforúkọsílẹ̀, ọkọ̀, ibùsùn, aṣọ, nọ́ńbà àyà, ibi-ìbáni.