Àdàpè èébú nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì

Àdàpè èébú nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn elédè náà ń lò dípò ìbúra, èpè tàbí ọ̀rọ̀ àlùfààṣá nígbà tí inú bá bí wọn tàbí tí ẹnu bá yà wọ́n, ṣùgbọ́n tí wọn kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà gan-an jáde lẹ́nu wọn. Lára wọn ni "gosh", "gee", "heck", "darn" àti "blimey".

Ìṣẹ̀dá wọn

Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù lọ ni kí a fi ìró tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, kí a sì yí ìyókù padà. "Gosh" àti "golly" wá láti ara "God", ìyẹn Ọlọ́run. "Gee" wá láti ara "Jesus", "crikey" láti ara "Christ", "heck" láti ara "hell" tí í ṣe ọ̀run àpáàdì. Nípa báyìí, ẹni tí ọ̀rọ̀ ti dé ẹnu rẹ̀ ṣì lè yà á sí ibòmíràn kó tó parí. Àwọn mìíràn jẹ́ gbólóhùn tí a gé kúrú. "Zounds" dúró fún ọgbẹ́ Ọlọ́run, ìyẹn ọgbẹ́ Kristi lórí àgbélébùú. "Blimey" jẹ́ èpè tí ènìyàn ń ṣẹ́ fún ara rẹ̀, pé kí Ọlọ́run fọ́ òun lójú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ń pariwo rẹ̀ kì í sábà rántí bẹ́ẹ̀. "Dickens" dúró fún Sátánì; kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú òǹkọ̀wé Charles Dickens tí wọ́n bí ní 1812, nítorí pé Shakespeare ti lò ó ṣáájú nínú eré The Merry Wives of Windsor.

Ìtàn

Òfin Mẹ́wàá inú Bíbélì, tó kọ̀ kí a pe orúkọ Ọlọ́run lásán, ni gbòǹgbò ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Ní ọdún 1606, Ilé Aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé ẹni tó bá fi ẹ̀fẹ̀ tàbí àìbọ̀wọ̀ pe orúkọ Ọlọ́run, Jésù Kristi, Ẹ̀mí Mímọ́ tàbí Mẹ́talọ́kan lórí ìtàgé yóò san owó ìtanràn pọ́n-ùn 10 fún ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ìdajì jẹ́ ti ọba. Ìdajì kejì jẹ́ ti ẹni tó bá pè é lẹ́jọ́. Èyí túmọ̀ sí pé òǹwòran èyíkéyìí lè di olùfisùn, kó sì jèrè níbẹ̀. Ẹ̀dà eré Othello tí wọ́n tẹ̀ ní 1622 ní "zounds" nínú, ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú ti 1623, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì ka èyí sí ipa òfin náà. Ó yẹ ní àkíyèsí pé àdàpè ni "zounds" fúnra rẹ̀. Àdàpè a máa gbó bí aṣọ: bí gbogbo ènìyàn bá ti mọ ohun tó bò, kò bò ó mọ́.

Ní ọdún 1914, wọ́n ṣe eré Pygmalion tí George Bernard Shaw kọ ní London, òṣèré tó kó ipa Eliza sì sọ "bloody" lórí ìtàgé. Ariwo sọ. Lẹ́yìn èyí, àwọn aláwàdà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ "Pygmalion" dípò ọ̀rọ̀ náà, àkọlé eré sì di àdàpè.

Ìfiwéra pẹ̀lú Yorùbá

Yorùbá náà ń pe ejò ní "okùn" lálẹ́, wọ́n sì ń pe ṣọ̀pọ̀nná ní "ilẹ̀ gbígbóná". Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù pé ohun tí a dárúkọ lè dáhùn ló wà níbẹ̀; ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ìbẹ̀rù ẹ̀ṣẹ̀ àti ìtìjú.

Lílò lónìí

Ọ̀pọ̀ elédè Gẹ̀ẹ́sì ka "gosh" sí ọ̀rọ̀ tí ọmọdé lè sọ. Àwọn Kristẹni kan kò gbà bẹ́ẹ̀; lójú tiwọn, orúkọ Ọlọ́run ṣì wà nínú rẹ̀.