Igbó Irúnmalẹ̀ Láti Inú Ìwé Dé Orí Ìtàgé

Ẹni tó bá ti ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní kékeré kì í fẹ́ kí òṣèré fọwọ́ kàn án. Àgbákò, iwin olójú mẹ́rìndínlógún tó ti ń gbé ọkàn rẹ̀ láti ilé ìwé, èwo ni kí ẹnìkan wá fi páálí ṣe é lójú agbo? Àròyé yìí nídìí, àmọ́ ìtàn eré Yorùbá kò gbè é. Òṣèré lè gé ìdajì ìwé dànù, kó yí ìparí rẹ̀ po, kí ìtàn náà má sì kú. Bó bá pàdánù ohùn asọ̀tàn ni ó parí.

Ọdún 1903 ni wọ́n bí D. O. Fágúnwà, ẹni tó kọ ìwé náà, ní Òkè-Igbó. Igbó bí èyí tó kọ nípa rẹ̀ kì í ṣe ibi àròsọ lójú ará agbègbè náà. Ọdẹ ń wọ̀ ọ́, àgbẹ̀ ń wọ̀ ọ́, oníkálukú sì ń mú ọ̀rọ̀ bọ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, iwin kọ́ ni Fágúnwà fi ṣe tuntun nígbà tí ilé ìtàwé CMS gbé ìwé náà jáde ní 1938, bí kò ṣe bó ṣe rò ó. Àkàrà-oògùn, ọdẹ tó ni ìtàn náà, wá bá òǹkọ̀wé, ó ní kó mú kálàmù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ. Nígbà tó fi máa padà wá, èrò ti pé jọ láti gbọ́. Ìwé ni, àmọ́ ẹnu ló ti jáde.

Òṣèré Kọ́lá Ògúnmọ́lá mọ èyí dájú. Ní 1963, ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó gbé The Palm-Wine Drinkard tí Amos Tútùọlá kọ ní 1952 sórí ìtàgé, Demas Nwoko ló bá a ṣètò ojú ìtàgé. Ó dá ìtàn náà padà sí Yorùbá, ó pe ọ̀mùtí náà ní Láńkẹ́, ó sì fi orin àti ìlù rò ó. Nínú ìwé, ọkùnrin náà lọ sí Ìlú Òkú ní tòótọ́. Lórí ìtàgé, Láńkẹ́ ta jí, àlá ni gbogbo rẹ̀! N kò fẹ́ràn ìparí yẹn, torí àlá a máa sọ ewu di ẹ̀fẹ̀. Síbẹ̀ eré Ọ̀mùtí wọ èrò lára, nítorí pé ohùn tó ń rò ó kò já.

Wálé Ògúnyẹmí ní tirẹ̀ kọ Láńgbòdó, eré tí Nàìjíríà gbé lọ sí àjọ̀dún FESTAC l'Ékòó ní 1977. Ìrìn àwọn ọdẹ lọ sí Òkè Láńgbòdó ló dì mú nínú ìwé Fágúnwà. Kò sí ẹ̀sùn nínú ìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì tó fi kọ ọ́ ló dùn mí: àwọn ọdẹ bíi Kákò àti Olóhùn-iyọ̀ wà níbẹ̀ tàwọn torúkọ wọn, ṣùgbọ́n àpèjúwe tí Fágúnwà ń tò lé ara wọn títí èémí fi ń tán lẹ́nu òǹkàwé kò bá wọn débẹ̀.

Àwọn kan lè ní ìtàgé nìyẹn, pé ẹ̀rọ sinimá òde òní lè ṣe Àgbákò kó rí bó ti rí nínú ìwé. Ó lè ṣe é. Ẹ wá wo Àiyé, sinimá Hubert Ògúndé ní 1979: ọgbọ́n kámẹ́rà ìgbà náà kò tó nǹkan, síbẹ̀ ìjà Ọ̀ṣẹ́túrá, akọni eré náà, pẹ̀lú àwọn àjẹ́ ba èrò lẹ́rù, torí ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi jà á. Àwọn mìíràn á tún ní ìwàásù inú Ògbójú Ọdẹ ti pọ̀ jù, pé ta ni yóò jókòó ti ọjọ́ méje ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ ọlọgbọ́n Ìrágbèje nínú sinimá? Ẹ gé e. Ògúnmọ́lá ìbá gé e. Ẹ ṣáà jẹ́ kí Àkàrà-oògùn fúnra rẹ̀ máa bá wa sọ̀rọ̀ bí kámẹ́rà ṣe ń wọ igbó lọ.